Oríkì Tí Mo Lọ Mú Wá fún Rẹ̀mílẹ́kún

Ẹ jókòó. Ẹni tí kò bá rí àga, kó jókòó lórí gbòǹgbò igi. Gbòǹgbò yẹn ti ru ọdẹ tó wúwo jù yín lọ. Ẹ gbé ìbọn yín ti ògiri kí ẹ yí ẹnu wọn sókè. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, n kò fẹ́ kí ohunkóhun dá mi lẹ́nu níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ bá wá. Ògúnkẹ́yẹ, ìwọ tí o ń sun ìjálá fún ẹgbẹ́ wa, ìwọ lo ṣáájú wọn. O ní ẹgbẹ́ ọdẹ rán yín kí ẹ wá gba oríkì mi sílẹ̀, kí ẹ lè rí ohun fi sun ìrèmọ̀jé mi lọ́jọ́ tí mo bá lọ. Ó dára. Àṣà wa ni. Bí ọdẹ bá dàgbà, tí ojú rẹ̀ kò rí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín lórí ìrì mọ́, a máa ń lọ bá a, a ó ní, "Bàbá, kí ni a ó máa pè yín nígbà tí ẹ kò bá lè dáhùn mọ́?" Èmi náà ti jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ rí. Àwọn àgbà ìgbà yẹn kò bínú sí mi, èmi náà kò ní bínú sí yín.

Ọdẹ́jìnmí ni orúkọ mi. Èyí ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo pa ẹfọ̀n tó dí ọ̀nà odò, nígbà tí àwọn baba yín ń ti orí igi bẹ ẹran ní ẹ̀bẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìbọn mi kì í ké lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹran kan ṣoṣo. Ẹkùn pàdé mi lójú ọ̀nà, ó yà fún mi, ó tún kí mi kú ìrìn. Bí ẹnìkan bá rò pé mo ń purọ́, kó lọ bi ẹkùn. Ṣùgbọ́n oríkì tí ìyá mi sọ mí, èyí tí ẹ wá gbà, kò sí lọ́wọ́ mi. N kò gbàgbé rẹ̀ bí arúgbó ṣe ń gbàgbé ibi tó fi ọ̀pá sí. Mo fi gba ẹ̀bùn fún ìyàwó mi ni.

Kí lo wí, Ògúnkẹ́yẹ? Pé ta ló ń fi oríkì rajà? Rín ẹ̀rín rẹ tán, ọmọ mi. Màá dúró.

Ó dáa. Ẹ gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kéré nínú yín kò mọ ìyàwó mi nígbà tó lágbára. Rẹ̀mílẹ́kún ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá tó bí i ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, iná ìgbà ọyẹ́ jó ìlú wọn, ó jó o tán pátápátá. Obìnrin kan láti ìlú wa, tí kò rọ́mọ bí, rí i lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú eérú lórí. Ó gbé e wálé, ó sọ ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún, nítorí òun gan-an ló ń sunkún ọmọ. Ó tọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ ní oríkì. Ó ní oríkì ọmọ náà ti wà lẹ́nu ìyá rẹ̀, òun kò ní fi tòun bò ó mọ́lẹ̀. Bóyá àwọn èèyàn rẹ̀ á wá a wá lọ́jọ́ kan. Wọn kò wá a wá.

Mo fẹ́ ẹ. A bímọ, àwọn ọmọ náà kò dúró. Nítorí náà, kò sí ẹni tó rí orúkọ ọmọ kankan fi pè é. "Ìyàwó" ni gbogbo ilé ń pè é nígbà tó wọlé. Ewú hù lórí rẹ̀, "Ìyàwó" náà ni. Bẹ́ẹ̀, ẹ mọ iṣẹ́ obìnrin nílé ọkọ. Kò gbọdọ̀ pe ará ilé ọkọ lórúkọ tí wọ́n sọ wọ́n, òun ni yóò wá orúkọ ẹ̀yẹ fún olúkúlùkù. Ó pe àbúrò mi ní Gíga-wuyì. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní Eyín-funfun-má-bò-ó, inú ẹ̀gbọ́n mi sì dùn, kò mọ̀ pé ẹnu òun tí kì í pa dé ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ní tèmi, ní òròòwúrọ̀, ìyàwó mi á kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, á máa pe oríkì mi, ìbáà ṣe pé mo pa ẹran, ìbáà ṣe pé mo padà wálé lọ́wọ́ òfo. Orí mi á wú. Bí ibà bá wà lára mi, ibà á wá ọ̀nà lọ. Òun ló ń fi orúkọ bọ́ gbogbo ilé, kò sì sí ẹni tó fi bọ́ òun.

Ẹ mọ̀ pé bí a bá sun igbó tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọdẹ gbọdọ̀ mú ohun kan tí ẹnu kì í jẹ ti inú igbó bọ̀ fún ìyàwó rẹ̀, nítorí àwọn èèwọ̀ tó ń pa mọ́ nílé nígbà tí ọkọ wà lóko ọdẹ. N kò pa ọdún kankan jẹ. Mo mú ìwo ẹfọ̀n wá. Mo mú awọ erè wá, ó gùn ju yàrá wa lọ. Mo mú ìyẹ́ idì wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," ó gbé wọn kọ́ ara ògiri. Ògiri wa gbayì. Àwọn àlejò ń wá wò ó.

Lẹ́yìn tí a sin ọmọ wa tó kẹ́yìn, ó dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́. Ara rẹ̀ kò gbóná. Oúnjẹ kàn ń dé ẹnu rẹ̀, ó ń padà ni. Àwọn tó mọ ewé já ewé títí, wọ́n ká ọwọ́ wọn lẹ́yìn, wọ́n lọ sílé. Ẹ̀ẹ̀rùn sì dé, ìgbà ẹ̀bùn ti ń bọ̀. Mo jókòó sẹ́bàá ẹní rẹ̀.

Mo ní, "Lọ́dún yìí, n kò ní bá ọ yàn án. Sọ ohun tí o fẹ́."

Ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ kò sí nínú igbó, Bàbá. Bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ìgbà wo lo rí ẹ̀rín lẹ́nu mi gbẹ̀yìn?"

Ìyẹn pa òun fúnra rẹ̀ lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá ní, "Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, ìyá rẹ̀ á máa pe oríkì rẹ̀ kí orí rẹ̀ lè gbọ́, kó padà sílé. Lọ́jọ́ tí iná jó wa, ìyá mi tì mí jáde lójú fèrèsé. Ó ń pè mí. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì. Mo rí ọwọ́ òsì rẹ̀ tó gbé lé ẹ̀yìn ọrùn, bó ti máa ń ṣe bó bá ń pe èèyàn. Ṣùgbọ́n iná ń hó, n kò gbọ́ ohun tó wí. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé orí mi ṣì dúró lẹ́bàá fèrèsé yẹn, tó ń retí kí wọ́n pè é. Oríkì mi ni mo fẹ́, Bàbá. Kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré."

Mo jáde síta. Ìyá Bọ́dúndé, aládùúgbò wa tó ń bá mi fún un lómi, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Ṣé èyí lẹ wá ń tìtorí rẹ̀ dijú mágbárí, bàbá ọlọ́dẹ? Ṣé oríkì wọ́n ni? Àbẹ̀kẹ́ ń bẹ, Àdùnní ń bẹ. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi pè é. Ta ni yóò bi yín?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ọgbọ́n létí mi. Mo wọlé, mo pè é ní Àdùnní. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyàwó mi gbé orí sókè, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wá ẹni tí mo ń pè.

Mo mú ìbọn mi lọ́jọ́ náà. Mo ní kí Ìyá Bọ́dúndé bá mi wò ó. Ó ní, "Níbo lẹ ń lọ?" Mo ní, "Mo ń lọ sọ́dọ̀ àna mi." Ó wò mí bí ẹni tí nǹkan ti yí lórí. Ó mọ̀ pé àna mi ti kú.

Ẹ má bi mí ní ọ̀nà. Ọ̀nà tí ìbànújẹ́ bá tọ̀, ẹsẹ̀ kì í lè júwe rẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé igbó tí mo mọ̀ tán, mo bọ́ sínú igbó tí n kò mọ̀, Igbó Agbóhùnmì ni orúkọ rẹ̀. Nínú igbó yẹn, ewé ń mì, kò dún. Mo gbẹ́sẹ̀ lé igi gbígbẹ, igi ṣẹ́, kò dún. Mo yin ìbọn sókè láti dẹ́rù ba ohun tó bá wà níbẹ̀. Iná yọ, èéfín yọ, àmọ́ ìbọn dákẹ́ bí ọmọ tó mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ kò bá ké, ẹran ni òun náà.

Lórí òkìtì ikán ńlá kan ni ẹni tó ni igbó jókòó sí. Elétí-Ewé-Kókò ni. Ó kéré bí ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ewé kókò etídò, wọ́n wọ́ nílẹ̀ káàkiri igbó. Gbogbo ohùn tó bá ti dún, etí yẹn ló ń kó o lọ sẹ́nu rẹ̀, á jẹ ẹ́. Ohùn tirẹ̀ nìkan ló ń dún níbẹ̀. Ó fi etí kan wé mi bí ìgbà tí èèyàn ń pọ́n mọ́ín-mọ́ín.

Ó ní, "Ọdẹ, ìbọn rẹ kò dùn lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ ìbọn. Mo ti jẹ àrá, mo ti jẹ ẹkún, mo ti jẹ ìbúra àwọn opùrọ́. Ìyẹn máa ń korò díẹ̀. Fún mi ní ohùn tí n kò jẹ rí, n ó jẹ́ kí o kọjá. Bí o kò bá ní, ìmí rẹ tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn ni n ó jẹ."

Ìmí mi ti ń kéré. Mo sọ̀rọ̀ sínú etí rẹ̀. Mo ní, "Ohùn kan ń bẹ tí ìyá kan pè, tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́. Kò dé etí ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò lè tíì dé tìrẹ. Òun ni mo ń lọ wá. Bí o bá jẹ mí nísinsìnyí, o ti jẹ irúgbìn, iṣu kò ní jáde."

Ó ronú. Itọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ yóò padà gba ibí?"

Mo ní, "Bí ọ̀nà ilé mi bá gba ibí."

Ó tú mi sílẹ̀. Ọ̀nà ilé mi kò gba ibẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ṣì máa dúró dè mí títí dòní, pẹ̀lú itọ́ lẹ́nu. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tọ́ síbí yìí. Ẹni tó ní etí ńlá, kó máa fetí ńlá gbọ́ "bí".

Mo jáde sí ìlú kan tí ògiri rẹ̀ tutù bí ìkòkò tí a kò dáná sí rí. Ìlú Ẹ̀bùn-Àìlò ni wọ́n ń pè é. Èèyàn kò gbé ibẹ̀. Àwọn ẹ̀bùn tí a fún ẹni tí kò fẹ́ wọn ló ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń rìn, wọ́n ń ṣàròyé. Mo rí bàtà tó fún ẹsẹ̀ olówó rẹ̀, ó ń tiro. Mo rí aṣọ òkè tí wọ́n ká sínú àpótí de ọjọ́ ayẹyẹ tí kò dé, ó ń sín nítorí eruku. Mo rí àwo tánganran tí wọ́n ní àlejò nìkan ni yóò fi jẹun, ó bi mí bóyá èmi ni àlejò náà.

Bí mo ti ń lọ, mo gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ lẹ́yìn mi. Mo yíjú. Awọ erè mi ni.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ọkọ ìyàwó. Ẹ gbé mi kọ́ òkè orí ibùsùn rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń bẹ̀rù ejò. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ sùn, ojú ògiri ló ń kọ sí. Ẹ rò pé ó fẹ́ràn ojú ògiri ni?"

Ìwo ẹfọ̀n náà jáde, ó ní, "Èmi ńkọ́? Ó ń fi orí gbá mi bó bá ń gbálẹ̀."

Mo ti kojú agbo ẹfọ̀n rí, ṣùgbọ́n ìwo kan péré dójú tì mí. Baálẹ̀ ìlú náà dé, òrùka wúrà kan ni, ó ń yí bọ̀ lórí ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀bùn rẹ pé síbí, ọdẹ, àfi ẹyọ kan."

Mo ní, "Èwo?"

Ó ní, "Òòyà onígi kan. O gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ tí òjò dá ọ dúró sínú ahéré, nítorí pé o rí ìyàwó rẹ tó fi ọwọ́ tú irun rẹ̀. Kò wá síbí rí, nítorí kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ rí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò rántí òòyà yẹn mọ́. Lójoojúmọ́ ni mo ń rí i lórí rẹ̀.

Baálẹ̀ ní, "Nítorí òòyà yẹn, n ó júwe ọ̀nà fún ọ. Sọdá odò tó wà níwájú. Òkè tó wà lódìkejì ni Òkè Ìyá-kò-dákẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá tó kú sẹ́nu ìpè jókòó sí, tí wọ́n ṣì ń pe ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n nínú odò yẹn, ohunkóhun tó bá pè ọ́, má jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá dáhùn, omi ló ń dà."

Odò náà kò jìn, orúnkún ló mù mí dé. Ẹnu kan wà lójú omi, ẹnu lásán, kò ní orí, kò ní ara. Ó pè mí ní ohùn bàbá mi. N kò jẹ́. Ó pè mí ní ohùn Akínsúnmọ́, ọ̀rẹ́ mi tí ẹfọ̀n pa lójú mi. Omijé bọ́, n kò jẹ́. Ẹnu náà dákẹ́, mo rò pé ó ti tán. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi, bó ti máa ń rí ní òwúrọ̀ bó bá kúnlẹ̀, ó ń pe oríkì mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi yí padà fúnra rẹ̀. Ẹnu mi ti là. Mo ki okùn apó mi bọ ẹnu, mo gé e mọ́ eyín títí ẹ̀jẹ̀ fi ń kán sómi, mo fi bẹ́ẹ̀ rìn dé òdìkejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ọdẹ, ẹ ń gbé ìrù ẹkùn káàkiri. Ẹkùn kò ṣòro. Kí ẹni tí o fẹ́ràn pè ọ́, kí o má jẹ́ ẹ, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ìgbẹ̀yìn nìyẹn tí mo gbọ́ oríkì náà. Ẹnu odò ni mo ti gbọ́ ọ.

Bí mo ti gun òkè, mo rí wọn. Àwọn ìyá. Wọ́n jókòó bo ara òkè bí ẹ̀gẹ́ tí a fọ́n sá sórí àpáta, olúkúlùkù kọjú sí ọ̀nà, ẹnu gbogbo wọn ń mì, n kò gbọ́ ohùn kankan. Obìnrin arúgbó kan jókòó níwájú wọn, ó ń ran òwú. Òwú náà kò ti inú àpò wá. Láti ẹnu àwọn ìyá ló ti ń fò wá, tín-ín-rín, tín-ín-rín, ó ń wé mọ́ ìrànwú.

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ìpè tí kò bá dé etí ọmọ, èmi ni mò ń ran án, kó má bàa sọnù. Ta lo wá?"

Mo ní, "Àna mi."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"N kò mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Báwo ni ojú rẹ̀ ti rí?"

"N kò rí i rí."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Irú ọkọ ọmọ wo lèyí! Ó dáa. Bí o bá mọ ìyàwó rẹ, wá ìyá rẹ̀."

Mo rìn láàrin wọn. Mo wo ojú, ojú kò ràn mí lọ́wọ́. Ojú gbogbo ìyá tó ń wá ọmọ, ojú kan náà ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rètí nù. Mo wá rántí bí ìyàwó mi ti ń pe adìẹ wálé nírọ̀lẹ́, bó ti ń pè mí wá jẹun: ọwọ́ òsì rẹ̀ á gun ẹ̀yìn ọrùn lọ, bí ẹni tó fẹ́ ti ohùn náà jáde látẹ̀yìn. Mo dẹ́kun wíwo ojú, mo ń wo ọwọ́. Lẹ́bàá òkúta kan, obìnrin kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lẹ́yìn ọrùn.

Mo padà sọ́dọ̀ arúgbó náà. Mo ní, "Mo rí i. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ó ní, "Ìrànwú kì í ṣófo níbí. Oríkì tó bá jáde, oríkì ni yóò wọlé dípò rẹ̀. Ta ló ṣì ń pe tìrẹ?"

Mo ní, "Ìyá mi ti kú. Ìyàwó mi nìkan ló kù."

"Bí mo bá gbà á, kò ní sí lẹ́nu òun náà mọ́. Kò ní sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ ikú rẹ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ yóò yanu, wọn kò ní rí nǹkan wí. Ronú sí i."

Mo jókòó sílẹ̀. N kò sọ pé mo gbà kíákíá. Ọdẹ tó bá ní òun kò bẹ̀rù rí, ẹ má bá a jẹ ẹran. Mo rántí gbogbo òwúrọ̀ wa. Mo wá rántí bó ti yíjú sẹ́nu ọ̀nà, tó ń wá Àdùnní.

Mo dìde. Mo ní, "Orí mi ti wú tó. Ẹ jẹ́ kí tirẹ̀ náà wú."

Ó na ọwọ́ sẹ́nu mi, ó fa òwú kan jáde. Kò dùn mí. Òwú pupa ni, ó gùn díẹ̀, ó tán. Ó wé e mọ́ ìrànwú òfìfo kan, ó gbé e sápá kan. Ó wá tú òwú obìnrin aláró náà, ó fi orí òwú náà sí mi létí. Ìyá náà sì dákẹ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ iná. Ó wò mí.

"Ta ni ọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀, àyà mi kan ilẹ̀. "Èmi ni ọkọ ọmọ yín, mà."

"Ọkọ ọmọ mi? Ta ló fún ọ lọ́mọ? Mo ti wà lójúkò yìí láti ìgbà yẹn, n kò rí ẹni tó ru iṣu kọjá."

"Ẹ má bínú, mà. Ilé yín ni a kò mọ̀."

Ó tẹ́jú mọ́ orí mi. "O ti hewú. Àbí kò rí ọ̀dọ́mọkùnrin fẹ́ ni?"

"Ọ̀dọ́ ni mí nígbà tí mo fẹ́ ẹ, mà. Ọ̀nà ibí ló gùn."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà jọ ti ìyàwó mi débi pé mo dojú bolẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó ṣì ń bẹ̀rù ejò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló ń bá a di irun?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló ń dì í, mà. Òòyà tí mo gbẹ́ fún un ló fi ń yà á."

Ó mi orí. "Ìyẹn dára," ó ní. "Ìyẹn dára." Ó gbọ́wọ́ òsì lé ẹ̀yìn ọrùn, ó pe ọmọ rẹ̀, èmi ni mo sì gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo dìde láti máa lọ, mo bi arúgbó náà ní ọ̀nà. Ó ní, "Oríkì mọ ilé olówó rẹ̀. Pa ẹnu rẹ dé, kó má bọ́ sílẹ̀. Yóò fà ọ́ lọ." Ó fà mí lọ. N kò rí odò, n kò rí igbó. Òwúrọ̀ ni mo bá ara mi ní ẹnu ọ̀nà ilé mi. Ìyá Bọ́dúndé wà níbẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ó ní, "Bàbá ọlọ́dẹ, ẹ kò wálé bọ̀rọ̀! Kò mọ èèyàn mọ́ o."

Ẹnu mi ṣì wà ní pípadé. Mo wọlé, mo jókòó sẹ́bàá ẹní, mo la ẹnu mi:

"Àwẹ̀ró, ọmọ aláró.
Ọmọ tí mo bí lẹ́bàá ìkòkò aró, tí aró kò ta sí lára.
Àwẹ̀ró tí mo wẹ̀ lójò, tí mo fi oòrùn nù.
Ọmọ kékeré jókòó sílé,
ilé kún bí ẹni pé àlejò dé.
Máa lọ, má wẹ̀yìn. Ẹni tó wẹ̀yìn, èéfín ló ń rí.
Máa lọ, Àwẹ̀ró, ìyá rẹ ń bọ̀."

Kí n tó parí rẹ̀, ó ti jẹ́. "Òo!" ni ó wí, bí ọmọdé tí wọ́n pè láti ẹ̀yìnkùlé. Ó dìde jókòó. Ojú rẹ̀ kò wo ẹnu ọ̀nà. Ojú mi ló wò.

Ó ní, "Ó ní òun ń bọ̀?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ló wí."

"Kò dé."

"Kò dé. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́."

Ó sunkún, ó sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó bèèrè ẹ̀kọ. Ìyá Bọ́dúndé sáré lọ mú un wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń gbá ara wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, bó ti máa ń ṣe. Ó la ẹnu. Ó tún un là. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè àjà, ó ń wá a bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "kí ni mo máa ń pè yín?"

Mo ní, "Má wá a mọ́. Mo fi gba nǹkan ni."

"Kí lẹ fi gbà?"

Mo ní kó lọ gbé omi ìwẹ̀ mi kalẹ̀. N kò sọ fún un láéláé. Mo yọ awọ erè kúrò lára ògiri lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mò ń pè é ní òròòwúrọ̀. Àwọn ará ilé ń ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ayé ti yí, ọkọ ló ń kí ìyàwó. Mo jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é. Bí mo bá pè é tán, yóò dì mọ́ ẹsẹ̀ mi pinpin. A pẹ́ díẹ̀ láyé bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin náà bá mi sin ín nígbà tí iṣu tuntun jáde. Òòyà yẹn wà lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin fẹ́ yọ ọ́, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Nítorí náà, Ògúnkẹ́yẹ, má ṣe hun oríkì kankan fún mi. Má sọ pé Àkànní ń bẹ, Àjàní ń bẹ. N ó yíjú wo ẹnu ọ̀nà ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé mi, ẹ pè mí ní ọkọ Àwẹ̀ró. Èyí n ó gbọ́. Ìyókù wà lára ìrànwú kan lórí òkè yẹn, òwú pupa. Àwọn ọmọ tí Àwẹ̀ró sin pọ̀, ìyá tó ń pe ọmọ ni òun náà, ibẹ̀ ni yóò ti jókòó báyìí, lẹ́bàá ìyá rẹ̀. Bó bá sì rí òwú yẹn, tó gbé e sétí, yóò mọ ohun tí mo fi gbà.

N kò ní mọ oríkì tó máa fi pè mí. Ṣùgbọ́n n ó mọ ọwọ́ òsì lẹ́yìn ọrùn. N ó jẹ́ ẹ.

Ó tó. Mo ti fi ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ níbi tí mo ti gbé e. Ẹ gbé ìbọn yín, kí ẹ máa lọ kí oòrùn tó wọ̀. Kí ẹni tó níyàwó nínú yín lọ wo ara ògiri rẹ̀.